Òkúta Abẹ́ Máńgòrò

Níbi tí wọ́n ti ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Galadimawa ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu tọkọtaya kan tó dúró níwájú mi, tí ìyàwó gbé ewéko kan tó fẹ́ràn ibòji dání.

"Abẹ́ máńgòrò wa ni mo fẹ́ gbìn ín sí, láàárín àwọn òkúta yẹn. Mo fẹ́ kó dà bí ẹni pé Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló kó wọn síbẹ̀."

"Ọlọ́run ti kó wọn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa la ní kí katapílà wá hú wọn kúrò ká tó kọ́lé."

"Dádì, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

"Ìwọ lo to òkúta gbọọrọ sábẹ́ igi, o tún fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n. Màámi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bi mí pé ta ló kú tí a ò sọ fáwọn."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní kò burú, àwọn ti ṣàdúrà fún un ná."

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. "Mo ti mọ àṣìṣe mi. Òkúta gidi kì í jókòó sórí ilẹ̀ bí ìkòkò, ṣe ló máa ń yọrí látinú ilẹ̀. A máa ha ọ̀dà yẹn kúrò, a máa gbẹ́lẹ̀, a máa rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ìdajì."

Èmi ti gbàgbé òdòdó tí mo wá rà. Ọkọ wo ewéko náà, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyẹn ni pé ká sin wọ́n, kí wọ́n má baà jọ sàréè mọ́."