Ta Ló Ní Kó Tú Okùn Gìtá Rẹ̀ Kúrò?

Rárá o, Ìyá Aránṣọ, ẹ má kúnlẹ̀, ẹ dìde lórí ilẹ̀ eléruku yẹn, orúnkún tí ẹ fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ kọ́ lẹ tún máa fi bẹ èmi. Ẹ jókòó. Ẹ gbé fìlà mi kúrò lórí àga yẹn, ẹ jókòó kí n fẹjọ́ sùn yín, torí èmi ni wọ́n ṣẹ̀ o, èmi ló yẹ kí n máa sunkún, kì í ṣe ọmọ yín tó jókòó sídìí géètì níta, tó ń fi etí aṣọ nu imú. Mo lé e, bẹ́ẹ̀ ni. Ojú gbogbo àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lórin ni mo ti lé e. Bó bá tún wọ yàrá yìí lọ́la, màá tún lé e!

Kí ló ṣe? Ẹ ń bi mí ní ohun tó ṣe? Yéè! Kò sọ fún yín? Ó ní Ọ̀gá kàn ń bínú lásán ni, àbí?

Ẹ bá mi gbé gìtá yẹn wá. Èyí tó fara ti ògiri, tó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó, tí ẹ̀yin fúnra yín fi òógùn ojú rà fún un. Ẹ wo okùn orí ẹ̀ dáadáa. Okùn mẹ́fà ló bá dé látọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, mélòó lẹ rí? Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ rò pé ìkan já ni? Kò já o! Ọmọ yín ló fọwọ́ ara ẹ̀ tú u, ó ká a jọ, ó sọ ọ́ nù. Okùn tuntun! Mo bi í pé kí ló dé, ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, “Ọ̀gá, tiyín náà ò ní i.”

Ẹ gbà mí! Tèmi ò ní i torí pé ó já nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ tí mi ò rí òmíràn rà, ni mo bá ń fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́, mo ń fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́, títí ìka mi fi gbàgbé pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rí. Òṣì ni, Ìyá Aránṣọ! Kì í ṣe ẹ̀bùn, òṣì ni! Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Wọn ò tíì pàdé ọmọ yín. Àkísà tèmi gan-an ló bọ́ lọ́rùn mi tó wọ̀!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ò tíì débi tó ń lọ.

Ṣé ẹ mọ ikọ́ mi? Èyí tó máa ń gbé mi tí mo bá fẹ́ bọ́ sí ègbè? Eruku gbogbo gbọ̀ngàn tí mo ti kọrin látọjọ́ yìí ló kó sí mi lọ́fun, mo máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, “hẹ̀n-hẹ́ẹ̀,” kí ègbè tó wọlé. Ọfun ọmọ yín mọ́ bí omi inú àmù, kò sí eruku, kò sí ikọ́, àmọ́ tó bá ti dé ibẹ̀, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, “hẹ̀n-hẹ́ẹ̀!” Mo ní kí nìyẹn? Ó ní ṣebí ó wà nínú orin. Ó rò pé mo kọ ikọ́ mọ́ orin ni!

Ẹnu mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo ní ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo ní èmi ti gba tèmi, ẹ wá tiyín, torí ẹni tó bá ń tẹ ojú ẹsẹ̀ mi, kòtò tí mo jìn sí lòun náà máa jìn sí. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Mo gba ẹ̀yìn ilé yìí kọjá lọ́jọ́ kan, mo bá ọmọ yín níbi tó ti ń kìlọ̀ fáwọn tó kéré sí i, ó káwọ́ sẹ́yìn bí mo ṣe máa ń ká a, ó ń fi ohùn mi sọ pé, “Ọ̀nà kan, hẹ̀n-hẹ́ẹ̀, ò wọ ọjà.”

Ọlọ́run ló yọ mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá ti dákú.

Ó wá ku ti Sátidé tó kọjá. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Olóòtú rédíò kan wà níjókòó, ohùn tuntun ló ń wá, èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti wá. Mo kó àwọn ọmọ jọ, mo ní lónìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kẹ́nikẹ́ni má kọ orin mi, tiyín ni kí ẹ kọ. Ọmọ yín ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ọ̀gá.” Èmi òmùgọ̀, mo fọkàn balẹ̀!

Ó gun orí pèpéle, ó ń tiro! Ẹsẹ̀ òsì mi tí mò ń wọ́ nítorí oríkèé tó ń dùn mí, ó ń wọ́ ọ! Ó kọ orin mi láti òkè délẹ̀, ó wúkọ́, ó tún tiro sọ̀kalẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ń yí lulẹ̀, wọ́n rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Olóòtú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní, “Baba, aláwàdà yìí dáa o, àmọ́ olórin ni mò ń wá.” Ó gbé báàgì ẹ̀. Mo sáré gun orí pèpéle kí n lè fi orin dá a dúró. Mi ò tíì kọ ọ́ débì kan tí obìnrin kan níwájú fi kígbe pé, “Bàbá yìí náà ń gbìyànjú, àmọ́ ọmọge yẹn mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ!”

Kí ló mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ? Èmi! Ó mọ èmi í ṣe ju èmi lọ!

Kí lẹ wí? Ẹ ní ó fi ń bọ̀wọ̀ fún mi ni? Ẹ gba ọ̀wọ̀ yẹn padà, Ìyá Aránṣọ, mi ò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí gan-an. Ṣé ẹ rántí ṣòkòtò tí mo gbé wá pé kẹ́ ẹ bá mi dín ẹsẹ̀ ẹ̀ kù? Ẹ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ọmọ yín ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó kẹ́yìn sí mi, ó ń ránṣọ, ó ń kọrin. Bí ẹ̀rọ bá ń sáré, ohùn ẹ̀ á máa rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá dúró létí aṣọ, ohùn á gbéra, á dá lọ. Ó ń kọrin obìnrin kan tó ń rán aṣọ ìgbéyàwó fún gbogbo àdúgbò, tí aṣọ ti ara ẹ̀ sì ya lẹ́yìn, tí ò ráàyè rán an. Ẹ̀yin ni, Ìyá Aránṣọ. Ẹ̀yin ló ń kọ lórin.

Ẹ nu ojú yín. Èmi náà dúró tèmi tìṣòkòtò, ara mi bù máṣọ. Látìgbà tí mo ti ń kọrin, mi ò ṣe irú ẹ̀ rí, mi ò sì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo jowú o, kí n má parọ́. Mo ní, “Tún un kọ.” Ó fò dìde, ó ní, “Háà, Ọ̀gá, eré ni mò ń ṣe o, kì í ṣe orin.” Eré! Ó fi ìyẹn pa mọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó wá gbé oríkèé ẹsẹ̀ mi lọ fún olóòtú! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ ọkùnrin náà ni, ó ní òun máa yọjú lẹ́ẹ̀kan sí i, pé lẹ́yìn ìyẹn òun ò wá mọ́. Tó bá tún bá ọmọ yín nínú àwọ̀ mi, ó parí nìyẹn.

Torí náà, mi ò gbà á. Ẹ mú un lọ sílé. Kó má padà wá títí á fi ní orin kan tó jẹ́ pé bí mo bá fẹnu kàn án, ó máa bàjẹ́ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ dúró. Ẹ dákẹ́ ná. Ta ló ń kọrin níta yẹn?

Òun ni? Ẹ má ṣílẹ̀kùn o! Ẹ kàn rọra fa aṣọ fèrèsé yẹn. Kí ló ń fi lu géètì, bàtà ẹ̀? Ẹ gbọ́ o. Ó ní, “Ẹni tó ní ká lọ lanà, òun ló ti géètì mọ́ wa…” Háà! Èmi ló ń bá wí! Ó ní, “Ẹ bá mi bi bàbá onírùngbọ̀n ewúrẹ́…” Onírùngbọ̀n kí ni? Ìyá Aránṣọ, ọmọ yín ń bú mi! Lẹ́nu géètì ara mi!

Níbo lẹ ń lọ? Ẹ fẹ́ lọ gbá a lẹ́nu? Ẹ jókòó! Mo ní ẹ jókòó, ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró! Ẹ gbọ́ ibi tó gbé ohùn gbà yẹn! Mi ò débẹ̀ rí láyé mi! Bú mi, ọmọ mi, bú mi dáadáa! Ó tún ti fi orí mi tó pá kún un, há-há-há, yéè, ìhà mi o! Níbo ló ti rí irú orin yìí? Ẹ bi mí! Kì í ṣe lọ́wọ́ mi! Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, Ìyá Aránṣọ, kì í ṣe lọ́wọ́ mi!