Kì Í Ṣe Omi Àlùwàlá Ló Bà Á Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà láyà mi tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Ǹ bá sì gbé e wọ sàréè. Àmọ́ Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀ yìí, bàbá àgbàlagbà kan fẹ́ dúró láàárín èrò, kó máa tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò ṣe. Èmi ni mo ṣe é.

Ọmọ Ìfẹ̀wàrà ni mí, oko kòkó ni bàbá mi fi tọ́ wa. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, wọ́n mú mi wá sí Òṣogbo, wọ́n fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun pé kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún rédíò àti fóònù ṣe. Mùsùlùmí ni ọ̀gá mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lèmi, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni mo ń gbé, Ìyá Ràfíù, ìyàwó rẹ̀, ló ń fún mi lóúnjẹ. Ọ̀gá mi kì í na ọmọṣẹ́. Yẹ̀yẹ́ ló máa ń fi wá ṣe. Òṣómàáló ló ń pè mí, torí pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, n kì í sì í kúrò nídìí ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ àfi bí mo bá rí ohun tó ṣe é.

Òfin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Iṣẹ́ tí ọ̀gá bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè, ọmọṣẹ́ kì í tún un tú. Ẹni tó bá tú u, ńṣe ló ń sọ fún oníbàárà pé ọ̀gá ò mọṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, mo kúnlẹ̀, ọ̀gá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ní dójú tì mí láéláé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, mo lọ kàwé sí i ní Iléṣà, mo sì ríṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe torí èrè ní Òṣogbo. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń jà fún ni pé ẹni tó bá ra ẹ̀rọ, kó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí sọ́fítíwíà inú rẹ̀ ń ṣe, kó lè tún un ṣe, tàbí kó gbé e fún ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó òǹtẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣe ẹ̀rọ tó sì fẹ́ òǹtẹ̀ wa, yóò gbé ẹ̀rọ náà àti sọ́fítíwíà rẹ̀ wá. Màá nu gbogbo sọ́fítíwíà tó wà nínú ẹ̀rọ kúrò, màá wá fi èyí tó kó fún wa rọ́pò. Bí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́, kò fi nǹkan pamọ́ nìyẹn. Bí ó bá dákẹ́, a jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ti tì í pa, òun nìkan ló mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. A kì í fi òǹtẹ̀ lu irú èyí.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo ti dá ẹ̀rọ àwọn olówó ńlá padà rí, mo tún ń fi yangàn.

Ọ̀gá mi wá ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, èyí tí wọ́n ń há sẹ́yìn etí, tí owó rẹ̀ kò wọ́n bíi ti òkè òkun. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí ọ́fíìsì wa. Inú mi dùn, mo ń fi í han gbogbo èèyàn pé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nìyí. Mo wá mú irinṣẹ́ kí n tú u. Ọ̀gá mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Òṣómàáló," ó ní, "ṣé o fẹ́ tú iṣẹ́ mi wò ni?"

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n òfin ṣọ́ọ̀bù ló wá sí mi lọ́kàn. Mo gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní, "Rárá o, ọ̀gá. Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀?" Mo buwọ́ lù ú, mo kó sítíkà òǹtẹ̀ wa fún un.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá ní ojú ló tì mí. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo tú ọ̀kan tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo nu inú rẹ̀, mo fi èyí tó kó fún wa rọ́pò. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Mo tún un ṣe, ó tún dákẹ́.

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jiyàn. Ó ní àwọn ará Èkó á jí iṣẹ́ náà mọ́ òun lọ́wọ́, kí n jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná, tó bá yá òun á ṣí i fún gbogbo ayé. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gba òǹtẹ̀ náà padà. Mi ò gbà á. Mo kàn ní kó má pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á kó tó ṣe é, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà sì bá a lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ èyí láti ba òkú jẹ́. Ẹ̀rù ló bà á. Èmi tí wọ́n ń sanwó fún pé kí n má ṣojúsàájú fún ẹnikẹ́ni, èmi ni mo jẹ̀bi.

Kí ọ̀gá mi tó kú, Ààfáà àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá ra ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà. Agboolé kan náà ni òun àti ọ̀gá mi ń gbé, ibẹ̀ náà ni ilé kéú rẹ̀ wà. Etí Bàbá ti le débi pé àwọn ọmọ ń ṣi kéú kà lójú rẹ̀ tí kò mọ̀. Kó tó sanwó, ó pè mí, ó tọ́ka sí sítíkà náà, ó ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo pariwo sí i létí pé, "Bí ẹni tó ṣe é ò bá sí mọ́, ẹlòmíràn á lè tún un ṣe fún yín!" Mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé irọ́ ni. Bàbá fi ẹ̀rọ náà sétí, ó sì gbọ́ràn. Láti inú yàrá ló ti ń pe ọmọ tó bá ṣì í kà, tó ń tún un ka fún un. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọ tó wọṣọ ọdún.

Lẹ́yìn ikú ọ̀gá mi, etí Bàbá tún le sí i, ó sì yẹ kí wọ́n tún sọ́fítíwíà ẹ̀rọ náà tò kó lè bá etí rẹ̀ mu. Kò sẹ́ni tó lè wọ inú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ pátápátá. Ó gbé e wá bá mi. Mo tú u, kò sí àmì omi kankan nínú rẹ̀; sọ́fítíwíà tí ọ̀gá mi tì pa ló kọṣẹ́, mo ṣe é, ṣe é, kò gbọ́. Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, mo mọ ohun tó ṣe é. Mo gbàgbé rẹ̀ sétí lọ́jọ́ kan tí mo ń ṣe àlùwàlá, omi kàn án. Èmi ni mo bà á jẹ́. Má bínú."

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó ń pa mí nìyẹn. Irọ́ òǹtẹ̀ burú, àwọn kan wà ní Iléṣà tí tiwọn náà ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n orí tí mo mì yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Àwọn òbí ti kó ọmọ wọn kúrò ní ilé kéú Bàbá. Sàúdátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sọ fún mi pé láràárọ̀ ni Bàbá ń sá ẹ̀rọ náà sóòrùn. Ó ń retí kó gbẹ.

Sàúdátù náà ló wá sọ fún mi pé Jímọ́ọ̀ yìí ni àdúà ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọ̀gá mi. Bàbá ló máa ṣáájú àdúà. Bàbá ní tí wọ́n bá parí, òun á bẹ Ìyá Ràfíù lójú gbogbo èèyàn pé òun ba iṣẹ́ ìkẹyìn tí ọkọ rẹ̀ ṣe fún òun jẹ́, kí òun má baà gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ bá a lọ́run. Sàúdátù ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ ò rí Bàbá yìí?" Mi ò rí ẹ̀rín kankan rín.

Mo lọ sí agboolé wọn lánàá kí n lè sọ òótọ́. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Ràfíù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bu omi fún mi bó ṣe máa ń ṣe látijọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Bàbá, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Kí lo wí? Pariwo, ọmọ mi, mi ò gbọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí mo há sí. Èdè Lárúbáwá nìkan ni Bàbá lè kà, èmi ò sì mọ̀ ọ́n kọ. Àfi kí n pariwo. Bí mo bá sì pariwo, gbogbo agboolé ló máa gbọ́ pé ọ̀gá mi purọ́. Orúkọ rere rẹ̀ ló ń mú èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Ìyá Ràfíù fi ń jẹun.

Ìyá Ràfíù gbójú sókè. "Kí lo fẹ́ bá Bàbá sọ? Jẹ́ kí n bá ọ sọ ọ́, ohùn tèmi ló máa ń gbọ́."

Mo ní, "Mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ni, mà."

"Ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o!" Ìyá Ràfíù pariwo rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúà fún mi.

Ti iṣẹ́ kò le. Màá sọ fún wọn ní ọ́fíìsì, bí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi. Bàbá àti Ìyá Ràfíù ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ba obìnrin tó fún mi lóúnjẹ jẹ́. Bí mo bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ á kúnlẹ̀ lójú mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Láàárọ̀ yìí, mo dúró sínú yàrá mi, mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò. "Bàbá, kì í ṣe omi àlùwàlá ló bà á jẹ́." Mo fẹ́ kó jáde bí ariwo, àmọ́ ohùn mi ò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. Ọkọ mi bi mí láti pálọ̀ bóyá òun ni mò ń pè. Mo ní rárá.

Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i kó tó di Jímọ́ọ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, oòrùn ti yọ. Bàbá á ti sá ẹ̀rọ náà síta.