Ìlà Funfun Tí Ọwọ́ Mi Fà

Ọdún méje ni mo fi gbé òtítọ́ yìí mì bí ẹni gbé eegun ẹja mì. Lónìí ó gbọ́dọ̀ jáde, kódà bó bá máa ya mí lọ́fun. Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ ń pè mí ní Bàbá Àtúnbí, ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ gbọ́ irú ẹni tí ẹ ń tẹ̀ lé.

Mẹkáníìkì ni mí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Títú ni mo ń tú nǹkan, tí mo sì ń tò ó padà títí yóò fi yé mi. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í le nọ́ọ̀tì táyà ní yíyípo. Bí o bá ti le ọ̀kan, èyí tó kọjú sí i ló kàn, kí táyà lè jókòó dọ́gba. Bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì, a óò tún gbogbo wọn le. Ìgbà yẹn ni kálukú tó máa fi ọ̀dà tirẹ̀ fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin táyà. Bí nọ́ọ̀tì bá yí, ìlà á já, ojú á rí i. Tèmi pupa, ti ẹnìkejì mi funfun. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pè é, torí kì í kánjú. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó tó le táyà kan, ọkọ̀ á ti gbó.

Lọ́jọ́ kan, èmi ọgbọ́n-kò-tán-nínú-mi fa ìlà mi nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ṣì wà lórí jáàkì. Mo ní màá padà wá le nọ́ọ̀tì. N kò padà. Táyà ẹ̀yìn yọ lójú títì, ó yí lọ bá aránṣọ kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì kán an lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Wọ́n ń gbé obìnrin náà lọ, ó ń ké; èmi ń fi bẹntiróòlù nu ọ̀dà pupa kúrò lára irin táyà. Mo fara balẹ̀, mo fi ọ̀dà funfun Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí mo mú dání fa ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀, wọ́n gún régé. Iṣẹ́ tó mọ́ jù tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wò ó títí. Ojú rẹ̀ rí ọ̀dà rẹ̀, ó sì gba ojú gbọ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá lé e. Ó búra pé òun ò ní fọwọ́ kan sípánà mọ́. Aláàárù ló ń ṣe títí dòní.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo dúró síwájú yín, mo ní mo ti di àtúnbí. Mo jẹ́wọ́ ọtí, mo jẹ́wọ́ obìnrin, àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó dùn ún gbọ́. Ẹ hó yèè, ẹ fi mí ṣe olùkọ́ àwọn ẹni tuntun. Bí òkúta inú odò ni mo ṣe jáde nínú ìrìbọmi yín: omi bò ó, inú rẹ̀ gbẹ.

Lóṣù tó kọjá, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọ kíláàsì mi. Ó ní láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ lòun ń pọnmi fún aránṣọ yẹn. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ọlọ́run lè gba irú mi báyìí? Mi ò rántí pé mo gbàgbé táyà yẹn, àmọ́ ọwọ́ mi ni."

Ó yẹ kí ilẹ̀ lanu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ní, "Àbúrò, jẹ́wọ́ ẹ̀, á dárí jì ẹ́." Ó fi omijé jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, èmi sì ń ṣe àmín. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀: ó ti bá Ọlọ́run pàdé lójú mi, èmi olùkọ́ ò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, àdúrà ò ṣeé gbà. Lọ́jọ́ kẹrin, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Èmi ni." Ọ̀rọ̀ méjì péré, òun sì ni àdúrà àkọ́kọ́ tí mo gbà láyé mi. Mo dìde, mo lọ sọ fún un. Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó bi mí bóyá ọwọ́ òun ò jẹ̀bi. Mo ní kò jẹ̀bi. Ó wá ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti mọ̀ yín sẹ́ni mímọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ bá yọ sílẹ̀ nínú ìjẹ́wọ́ yín, òun gan-an ni Ọlọ́run ń béèrè. Láti ibí, ọ̀dọ̀ aránṣọ ni mò ń lọ, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà lórí àga tó kẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Kò tíì ní òun dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ yín kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó wò mí bó ṣe yẹ kí ẹ wò mí, ẹ kọ́kọ́ yíjú sí i, kí ẹ sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.