Ẹsẹ̀ Darnley Yearwood

Kí n jókòó? N kò jókòó, Sístà Ianthe! Ẹ má fún mi ní àga, ẹ má fi omi lọ̀ mí, ẹ ṣáà gbọ́ mi! Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń tọ́jú ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn yìí, àná ni lẹ́tà dé pé kí n kó ẹrù mi kúrò ní yàrá mi, kí wọ́n lè rí ibi kó bẹ́ẹ̀dì tó ti bàjẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀dì tó ti bàjẹ́ o! Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì á máa fi iṣẹ́ mi kún tiwọn, kí ló tilẹ̀ wà níbẹ̀, ṣebí èékánná ni Coralie Blackett ń gé?

Èékánná! Orí mi ò!

Ṣé èékánná ni mo gé fún Darnley Yearwood? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ má wolẹ̀.

Darnley apẹja, ará abúlé Bathsheba létí òkun, tó máa ń di ẹja tó ń fò sínú ìwé ìròyìn wá fún yín, ẹ ó jẹ ẹ́, ẹ ó lá ọwọ́. Ìṣó gún un láti ìsàlẹ̀ sálúbàtà wọ àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi rìn fún ọjọ́ méjì gbáko, kò mọ̀! Ìyàwó rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ ilé ìdáná. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ náà kú mọ́ ọn lára. Mo ní kó dijú, mo fi okùn tín-ín-rín tí a fi ń dán ẹsẹ̀ wò kàn án lọ́mọ ìka, mo kàn án ní gìgísẹ̀, mo kàn án níbi mẹ́wàá, ó wá ní, "Dókítà, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?" Háà! Mo fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀, mo wá a tì.

Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀! Gàdàgbà ni mo kọ ọ́, pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ yìí mọ́, kí oníṣẹ́ abẹ rí i lónìí, kó má di ọ̀la. Ṣùgbọ́n ta ni mí? Òfin ilé yìí ní olùtọ́jú ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, àfi tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì àgbà bíi tiyín bá buwọ́ lù ú. Ọmọ méjì tí mo kọ́ níṣẹ́ ti gba Kánádà lọ, dókítà ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Èmi tí mo dúró, agéèékánná! Mo fi ìwé náà lé yín lọ́wọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ẹ ní, "Fi síbẹ̀, Coralie, dókítà ń jẹun."

Ọjọ́ mọ́kànlá, Sístà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi wà lábẹ́ ìwé tí wọ́n fi ń béèrè aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ní kí n má da yín láàmú. Nígbà tí ẹ ó fi rí i, ẹsẹ̀ ti dúdú bí èédú. Òkè orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ẹ̀dá kankan. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n gé e, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún òun. Mo ní, "Èwo?" Ó ní, "Èyí tí wọ́n gbé lọ ni, Dókítà. Nígbà tó wà kò mọ ìṣó lára, ìgbà tí kò sí mọ́ ló wá ń yún mi." Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù ń wò ó bíi wèrè. Mo fa kọ́tìnì, mo jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, mo nawọ́ síbi tí kò sí nǹkan kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Òfìfo ni mo ń họ! Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ibẹ̀ gan-an ni."

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ló kú.

Látìgbà náà, bí mo bá gbé ẹsẹ̀ aláìsàn lé itan, ẹsẹ̀ mìíràn a bá a gun itan mi. Ó tutù. Ó wúwo. Ní ọ̀sán gangan o! Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fọwọ́ gbá a dànù, obìnrin tí mo ń tọ́jú bi mí bóyá kòkòrò ni. Mo ti lọ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti rìn létí òkun ní Bathsheba, n kò jẹ́ bojú wẹ̀yìn, kí n má baà rí ipa ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ń tẹ̀ lé mi nínú yanrìn.

Kí lẹ ní? Ẹ̀yin náà kò gbàgbé? Ẹ ṣé. Ẹ má sunkún sí mi lára. Ẹ gbé ẹkún yẹn lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó kọ lẹ́tà sí mi, lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n bá jókòó, kí ẹ sọ fún wọn pé ìwé wà, pé mo kọ ọ́, pé ọ̀dọ̀ yín ló wà. N kò ní í ṣépè fún yín. Èmi náà ìbá ti wọ yàrá àwọn oníṣẹ́ abẹ láìgbàṣẹ, kí wọ́n lé mi níṣẹ́! N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ni mo bẹ̀rù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹsẹ̀ Darnley ń wá.

Ṣùgbọ́n kí Ajé tó dé, ẹ wo ìta láti ojú fèrèsé. Obìnrin tó wọ aṣọ búlúù lórí bẹ́ǹṣì yẹn, Tíṣà Harewood ni, tó kọ́ ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì yín ní ìwé kíkà. Ó fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ ti rin bàtà òsì rẹ̀ gbingbin. Bí mo ṣe ń kọjá báyìí, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí ló dé táwọn èèyàn fi ń wo òun.

Ìwé tí mo kọ sí oníṣẹ́ abẹ nípa rẹ̀ nìyí. Ẹ má gbé e sílẹ̀, Sístà. Ẹ buwọ́ lù ú níṣojú mi.