Àmín Tí A Ṣe Sí Jẹnẹrétọ̀

Nígbà tí ara mi ṣì gbóná, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán, inú yàrá kan ní Enugu Road, ní Kano níbí, ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Bọ́lá, ọmọ-ọmọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ìwọ lo béèrè. O ní, "Kaka, sólà yìí, mu saya?" Ká rà á, àbí ká má rà á. Mo gbọ́. Màá dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n inú á kọ́kọ́ bí mi ná.

Ìyá mi ní fírísà kan níwájú ilé. Omi dídì àti ẹja ló ń tà. Fírísà yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì, ẹ gbọ́? Kì í ṣe ìjọba. Láyé 1970, nígbà tí mo wà ní kékeré, tí iná bá lọ, ẹnu á ya gbogbo wa. Nígbà tó fi di 1980 ó lé, ìgbà tí iná bá dé ni à ń pariwo. Títí dòní ẹ ṣì ń pariwo! Ṣé ẹ ò tijú?

Ẹja ìyá mi ń jẹrà léraléra. Ni gbogbo ayálégbé bá dá owó jọ láti ra jẹnẹrétọ̀. Ìyá mi ta òfì ìgbéyàwó rẹ̀. Èmi kó owó àgùnbánirọ̀ mi sílẹ̀. Orí kúrá, ọmọlanke yẹn, la gbé e sí láti France Road, à ń jó tẹ̀ lé e bí ẹni ń sin ìyàwó.

Níbo la gbé e sí? Ẹ̀yìnkùlé onílé. Yorùbá bíi tiwa ni, òun sì ni Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí gbogbo wa ń lọ. Ta ló máa fura sí Bàbá Ìjọ? Ó ní a ò gbọdọ̀ tan án láìyà á sí mímọ́. Ó tan àbẹ́là, ó wọ́n omi àdúrà sí i…

"Olúwa, mo dúpẹ́ fún ohun tí O gbé wọ ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, má jẹ̀ẹ́ kó rí i gbà!"

A ṣe àmín. Ti ìyá mi ló ròkè jù. Àbí ta ló ń dúró yẹ àdúrà wò kó tó ṣe àmín?

Kò pẹ́, ó fi kún owó ilé. Ìyá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí la ṣe?"

"Ilé mi ti di ilé oníná, Màmá Fọlá. Ẹ ò rí bó ṣe ń dán ni?"

"Bàbá, àwa la ra iná ọ̀hún!"

"Ẹ rà á fún Olúwa. Àbí ẹ ò ṣe àmín ni?"

Haba! Mo kan ilẹ̀kùn gbogbo yàrá. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ gbé nǹkan wa. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? "Fọlá, ìwé ti pọ̀ jù lágbárí ẹ. A kì í bá ẹni Ọlọ́run jà." Àwọn tí ooru ń pa! Èmi nìkan ni mo dé ẹ̀yìnkùlé. Àgádágodo ńlá ló fi tì í.

A ò rí owó tó fi kún owó ilé san. Ó ní ká jáde. A gbé fírísà òfìfo sórí kúrá, kò sẹ́ni tó jó. A ń gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ yẹn títí a fi yà sí Ibo Road. Ìyá mi ní, "Fọlá, òfì mi ló ń dún yẹn."

Ìjọba tó yẹ kó fún wa níná ńkọ́? Ó ń sùn. Ó ṣì ń sùn…

Bọ́lá, sólà dára. Oòrùn Kano tó ń bó wa láwọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kan fún wa. Owó tí ò ń sun nínú epo ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n òrùlé ta lo fẹ́ kàn án mọ́? Oòrùn ò ní onílé. Òrùlé ní. Tí o bá lọ bá onílé rẹ, má bá a gbàdúrà. Pe gbogbo ayálégbé jáde. Sọ fún un lójú wọn pé ọjọ́ tí o bá ń kó lọ, wàá tú u, wàá gbé e dání. Sọ ọ́ sókè.

Kó o wá dúró, kí òun ṣe àmín.