Rẹ́gúlétọ̀ Tí Mo Mú fún Múfú

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, Múfú fẹ́ fi orúkọ mi, Ráfíù, sọ ọmọ rẹ̀. Ó ní èmi ni mo yọ òun nínú ikú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun mọ́, nítorí èmi gan-an ni mo tì í síbẹ̀.

Òmùwẹ̀ ni mí ní Àpápá. Abẹ́ ọkọ̀ ojú omi là ń wọ̀ lọ gé okùn tó bá lọ́ mọ́ ọn. Èmi ni mo kọ́ Múfú níṣẹ́, láti ìgbà tó ṣì ń bẹ̀rù omi. Nígbà tó yá, ọ̀gá wa ò mọ ẹlòmíì mọ́, Múfú ṣáá ni. Èmi á wà lórí ọkọ̀, màá di okùn tí a so mọ́ ọn lára mú; tó bá ti fà á, kí n yára fà á sókè ni. Ó dùn mí wọra, mi ò ní purọ́ fún yín.

Rẹ́gúlétọ̀ ló ń gbé atẹ́gùn láti inú sìlíńdà wá sí ẹnu wa. Méjì la ní. Ọ̀kan, wọ́n dé e pa, ẹrẹ̀ ò lè wọ inú rẹ̀. Òun là ń lò ní Marine Beach, níbi tí o ò ti lè rí ọwọ́ ara rẹ lábẹ́ omi. Èkejì, èyí tuntun, ṣí sílẹ̀ lára, omi tó mọ́ lójú agbami ló wà fún. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́ ló ń mú rẹ́gúlétọ̀ fún ẹ. Tí o bá tún un yẹ̀ wò, àrífín ni.

Lọ́jọ́ yẹn, ní Marine Beach, Múfú bi mí pé, “Bọ̀dá, èwo lẹ ní kí n carry?”

Mo ní, “Carry tuntun yẹn jàre, ó fit ẹ.”

Èyí tó ṣí lára ni. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kó kú. Mo kàn fẹ́ kí iṣẹ́ bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níwájú ọ̀gá.

Ẹrẹ̀ wọ inú rẹ̀, atẹ́gùn ń tú dànù títí sìlíńdà fi gbẹ. Ó ń fa okùn. Mo mọ̀ ọ́n lára, mo sì dúró díẹ̀ kí n tó fà á sókè. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí rẹ̀.

Ọ̀gá ní ojo ni, pé ẹ̀rù ló bà á. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo wá lọ fọ ẹrẹ̀ kúrò nínú rẹ́gúlétọ̀ náà. Etí yẹn ò gbọ́ràn mọ́, kò sì lè wọ omi mọ́. Múfú ń lẹ táyà ní Malu Road báyìí, òun náà sì gbà pé ojo lòun.

Èmi ni wọ́n ń pè síṣẹ́ báyìí. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mo sì ti rí i gbà. Iṣẹ́ yẹn ti korò lẹ́nu mi.

Bí mo bá dákẹ́, ọmọ aláìṣẹ̀ á máa jẹ́ Ráfíù títí ayé rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, Múfú á mọ̀ pé òun kì í ṣe ojo, á sì mọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ náà ò tíì lórúkọ. Kí ni kí n ṣe?