Àṣíborí Tí Ara Rẹ̀ Hunjọ

Ọ̀gbẹ́ni Kurokochi, alága ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Takaoka, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ jókòó níwájú, mo forí balẹ̀. Ẹ̀yin àlejò tẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Kanazawa, ẹ kú ewu òjò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélógójì, ẹ kú ìfaradà mi. Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo rí i pé ẹ ti di ife bíà mú, ẹnikẹ́ni ò sì lè mu títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má fojú burúkú wò mí, mi ò ní jẹ́ kó gbóná mọ́ yín lọ́wọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣíborí àwọn sàmúráì, àwọn jagunjagun ilẹ̀ wa láyé àtijọ́, lọ́nà tuntun, tí mo ń fi irin ṣe é bí ẹja àrọ̀, bí etí ehoro, bí ilé alájà mẹ́wàá, bàbá mi ní, "Genjiro, orí ta ni yóò gba nǹkan yìí?" Mo ní kò sẹ́ni tó máa dé e. Ó ní, "Ṣé afẹ́fẹ́ lò ń ṣe fìlà fún ni?" Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣẹ. Bàbá Minobe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lu irin títí etí yín kan fi di, mo ń pariwo kí ẹ lè gbọ́: ẹ ṣeun! Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ń lu irin, Orito ń kun oje igi urúṣì lé e, èmi ń yàwòrán, mo sì ń gba ìyìn.

Ìyìn yẹn gan-an ló gbé mi dìde. Gbogbo yín lẹ mọ Ìgbì, àṣíborí ńlá tó wà ní gbọ̀ngàn ìlú, tí ara rẹ̀ hunjọ bí ojú omi. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rè é. Òjò oṣù kẹfà ń rọ̀ bó ṣe ń rọ̀ yìí, ìpàtẹ sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Orito ti kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ti lọ sílé. Èmi rò pé kò tíì dúdú tó. Mo tún un kùn, ó ki bí oyin, mo tì í sínú àpótí ọ̀rinrin, mo wá fi aṣọ tútù kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ urúṣì ti ń mirí. Ọ̀rinrin ló ń mú un gbẹ; bó bá pọ̀ jù, òkè rẹ̀ á yára gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì rọ̀, á sì hunjọ. Ta ló ń fi aṣọ tútù sí i lásìkò òjò? Èmi náà ni! Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti hunjọ bí ọwọ́ ìyá àgbà.

Kí ni mo wá ṣe? Mo pe Orito níwájú gbogbo ilé iṣẹ́, mo ní, "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Ó tẹrí ba. A gbé e lọ síbi ìpàtẹ bẹ́ẹ̀, nígbà táwọn tó wá wò ó sì ní àwọn rí òkun lára rẹ̀, mo ní, "Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn." Mo gbé ẹ̀bi fún un, mo gbé ògo lọ sílé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ lọ bá a nílé. Mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, mi ò sì bímọ. Bí kò bá gbà á, à ń ti ilẹ̀kùn pa nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó bu tíì fún mi.

"Ọ̀gá, mo ti mọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi fa búrọ́ọ̀ṣì yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń lo ọwọ́ òsì lọ́dọ̀ wa."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Gbogbo wa. Kódà Bàbá Minobe tí etí wọn di gbọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń fi ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ pamọ́ fún yín! Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Mo ní kó wá gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Níwájú wọn lẹ ti bú mi. Ẹ sọ ọ́ níwájú wọn ná."

Ó dáa. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Orito Shizuno, ìwọ kọ́ lo ṣe é. Èmi ni. Mo purọ́ mọ́ ọ, jọ̀wọ́, forí jì mí. Kọ́kọ́rọ́ rè é.

Ó ń bọ̀. Ó ti gbà á! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Kí ló wí? Ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpótí ọ̀rinrin mọ́ láéláé. Mo ti gbọ́, Ọ̀gá.

Ara mi fúyẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí irin má ṣe yín léṣe. Kí òjò oṣù kẹfà tù yín lára. Kí oje tẹ́ ẹ bá kùn gbẹ dáadáa, bó bá sì hunjọ, kí ẹ tètè lẹ́nu láti sọ pé, "Èmi ni." Ó yá, ẹ gbé ife yín sókè. Ẹ ṣé o.